Mẹ́jọ Nínú Ogún Tí Wọ́n Kọ fún Ràmátù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bi mí pé, "Màdáámù, ṣé iṣẹ́ olùkọ́ dára kéèyàn ṣe?", ẹ jókòó, ẹ fi fóònù yín sápò. Mi ò ní dá yín lóhùn kíákíá, torí inú ṣì ń bí mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, orúnkún ń dùn mí, mo máa ń jókòó síwájú ilé wa ní Bè, kí n máa wo àwọn oní-sémì tó ń fi alùpùpù wọn kó èèyàn gba ọ̀nà tóóró kọjá. Àwọn aládùúgbò rò pé mò ń gbafẹ́ ni. Afẹ́ wo? Mò ń bínú ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn àgbà olùkọ́ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kó lọ sílé ẹlòmíràn.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ nílùú Lomé yìí. Ìlú tí wọ́n ń fi Faransé kọ̀wé, tí wọ́n ń fi Mínà nájà, Gẹ̀ẹ́sì lèmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Bè lọ gbé lérí. Bàbá mi tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló fà á. Kì í jẹ́ ká sọ Faransé nínú ilé rárá. Yorùbá la fi ń tọrọ oúnjẹ, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ka Bíbélì, ẹni tó bá ní bọ̀njúù fún un láàárọ̀, kò ní dáhùn. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Cacaveli, àti ohun tí wọ́n ń san fún mi, ẹ jẹ́ ká fò ó. Kò sí olùkọ́ tó fi iṣẹ́ yìí kọ́ ilé alájà, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Mùsíọ̀ Kọmlan lorúkọ rẹ̀, ará Èwé ni, ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í jókòó sórí àga tó ní ìfẹ̀yìntì. Ó ní olùkọ́ tó bá ti fẹ̀yìn ti nǹkan, oorun ló kù. Nígbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn ni ó máa ń jókòó sí, láàárín àwọn ọmọ, tí èmi á máa kọ́ni níwájú. Bí mo ṣì í, kò ní sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe é dáadáa, kò ní mi orí. Ó di ìgbà tí àwọn ọmọ bá jáde tán, á wá ti ilẹ̀kùn, á wò mí, á ní, "Mélòó?"

Ogún ni a ń ka máàkì sí nílẹ̀ yìí. Ohun tó ń bi mí ni pé mélòó nínú ogún ni mo fún ara mi nínú iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn. Èmi fúnra mi ni kí n sọ ọ́, kì í ṣe òun.

Ẹ wò ó, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, iṣẹ́ mi dùn! Mo mọ̀ pé ó dùn. Àwọn ọmọ ń nawọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan páànù. Ṣùgbọ́n àgbà ló ń bi ọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kí lọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé á sọ? Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo wolẹ̀, mo ní, "Mùsíọ̀, mo kàn gbìyànjú ni. Bóyá mẹ́jọ." Mo wá ń retí kó sọ pé, "Rárá o, o ju bẹ́ẹ̀ lọ." Bẹ́ẹ̀ kọ́ la ń ṣe é nílé? Ìwọ á rẹ ara rẹ sílẹ̀, àgbà á gbé ọ dìde. Bí ìyá ọkọ bá ní ọbẹ̀ rẹ dùn, wàá ní, "Ẹ má wulẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, mà, iyọ̀ ò tó." Ìyá ọkọ náà mọ̀ pé iyọ̀ tó.

Mùsíọ̀ Kọmlan ò gbé mi dìde o. Ó ní, "Mẹ́jọ? Ó dáa. Ẹni tó gba mẹ́jọ á tún un ṣe. Wá ní Sátidé." Mo sì lọ ní Sátidé, mo kọ́ bẹ́ǹṣì òfìfo ní Gẹ̀ẹ́sì, omijé ń bọ́ lójú mi, bàbá yìí jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo eré. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mélòó?" Mo ní, "Bóyá mẹ́sàn-án, Mùsíọ̀, bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀." Háà! Ó fọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ̀yin Ànàgó wọ̀nyí, ẹ fẹ́ pa mí! Mo bi ọ́ pé báwo niṣu yìí ṣe wúwo tó, o ń sọ fún mi pé iṣu náà níwà tútù! Òṣùwọ̀n kì í kúnlẹ̀ kíni! Kí lo ṣe tó dára? Sọ ọ́, kó o fi ẹ̀rí tì í. Kí lo bà jẹ́? Sọ ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà lo tó lè pe iye."

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ẹnu tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kò gbọdọ̀ yin ara rẹ̀, ọjọ́ kan kọ́ ló ń là. Ó pẹ́ gan-an kí n tó lè dúró níwájú bàbá yẹn, kí n ní, "Mẹ́rìnlá. Wọ́n lóye, wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì bára wọn jiyàn láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀ jù, àwọn tó wà lẹ́yìn ò sì rí pátákó." Ó wò mí títí. Ó ní, "Mẹ́rìnlá lèmi náà rí. Lọ jẹun." Ìyẹn nìkan ni ìyìn tó yìn mí títí ó fi kú. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe délé.

Nígbà tóun náà fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Màá sọ èyí tó kù fún ọ. Ọmọ tó bá pe mọ́kàndínlógún, wọ̀n ọ́n wò. Ọmọ tó bá pe mẹ́jọ, wọ̀n ọ́n wò náà. Olùkọ́ tó bá kàn ń kọ ohun tọ́mọ sọ, olùkọ́ kọ́, akọ̀wé lásán ni." Ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn dání, a máa padà sí i.

Nǹkan yí padà lójú mi. Ṣọ́ọ̀kì ni mo bá níbẹ̀, tó ń sọ irun èèyàn di funfun kó tó dàgbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì dé, tó jẹ́ pé bó bá ti gbé téèpù mì, pẹ́ńsùlù ni a ó fi máa ká a padà, gbogbo kíláàsì á sì máa pariwo. Lẹ́yìn náà ni díìsìkì dé, kí fóònù tó wá gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Kò sí èyí tí mi ò lò. Ìgbà tí díìsìkì dé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn eré apanilẹ́rìn-ín Amẹ́ríkà kọ́ wọn, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní sítíkọ́ọ̀mù: ẹbí kan tàbí àwọn ọ̀rẹ́ kan, yàrá kan, àga gígùn kan láàárín yàrá, wàhálà kan tó máa tán kéèyàn tó jẹun tán, àti ẹ̀rín àwọn tí a ò rí tó ń dún lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní Màdáámù ti sọ kíláàsì di ilé sinimá. Ẹ gbọ́ mi, Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé wa nígbà yẹn, àwọn tó ń sọ ọ́ ti wà nínú sàréè! Mo fẹ́ káwọn ọmọ gbọ́ bí alààyè ṣe ń jà nídìí oúnjẹ àárọ̀. Lóòótọ́, ó ní tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan délé lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ méjèèjì sápò, ó pe bàbá rẹ̀ lórúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i nínú eré. Bàbá náà dé ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú bẹ́líìtì lọ́wọ́, ó ní ta ni olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo jáde sí i, mo kí i dáadáa, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi jókòó.

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì yẹn ló fún mi ní ọgbọ́n. Mo sọ ọ́ di iṣẹ́ ọdọọdún: kí ọmọ dúró níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kó ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì ohun tó ń pa àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́rìn-ín nínú eré wọn, àti bóyá ó lè pa àwa náà lẹ́rìn-ín. Bó bá parí, kó wọn ara rẹ̀ bí Mùsíọ̀ Kọmlan ṣe kọ́ mi: ohun tó dára, ohun tó bà jẹ́, kó wá pe iye. Lẹ́yìn náà lèmi á wọ̀n ọ́n. Bí tirẹ̀ àti tèmi bá jìnnà síra, a ó jókòó sọ̀rọ̀. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ ọjọ́ pípẹ́, kò sì sọmọ tó jìyà rẹ̀.

Àfi ìgbà tí dìrẹ́tọ̀ tuntun, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, dé. Ọmọ ọlọ́jọ́ iwájú, bàtà rẹ̀ ń dán, ó ti ìpàdé kan bọ̀, ó ní òun mú ohun tuntun wá: kí akẹ́kọ̀ọ́ máa díye lé ara rẹ̀! Tuntun! Ohun tí Mùsíọ̀ Kọmlan ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i! Ó wá ṣòfin pé iye tí ọmọ bá pe fún ara rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà á sì jẹ́ máàkì rẹ̀. Mo ní, "Dìrẹ́tọ̀, ta ni á wọ̀n ọ́n?" Ó ní, "Màdáámù, a gbọ́dọ̀ gba ọmọ gbọ́." Ó dùn létí, àbí? Èmi ò gbàgbọ́.

Ọdún yẹn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ ògbufọ̀ sọ pé òun á gba ọmọ kan lọ́dọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo. Dìrẹ́tọ̀ ní iṣẹ́ lórí eré Amẹ́ríkà yẹn la ó fi mọ ẹni tó máa lọ, pé kí a ṣe é ní gbọ̀ngàn, kí àwọn òbí wá wò ó, kí ìyá kan láti ilé-ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Inú mi dùn nítorí Ràmátù, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, Àlàájà tó ń ta àwo ní ọjà Adewui. Láti kékeré ló ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ìyá àgbà yìí. Bí oníbàárà bá ti Gánà wá, Ràmátù á gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀, á sọ ọ́ di Yorùbá fún Àlàájà, á tún dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín, ọjà á sì tà. Ògbufọ̀ ni wọ́n bí ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n Àlàájà ò lágbára ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ó sì ti sọ ọ́ fún un: bí kò bá rí àyè ọ̀fẹ́ yìí, ìdí àtẹ ni. Ọmọ náà fi gbogbo ara mú un. Nígbà tí a dán an wò ní kíláàsì, ó fún ara rẹ̀ ní mẹ́tàdínlógún, ó to ẹ̀rí rẹ̀ kalẹ̀, èmi náà sì rí mẹ́tàdínlógún. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọjọ́ pé. Pátíríìkì ló kọ́kọ́ jáde. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n inú fóònù ló ti ń ka ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ láìgbójú sókè, bó bá sì kan ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, á fò ó. Ó ní eré Amẹ́ríkà dára, ó ń dẹ́rìn-ín pani, ẹ ṣeun. Dìrẹ́tọ̀ ní, "Mélòó lo fún ara rẹ?" Ó ní, "Mọ́kàndínlógún!" Bàbá rẹ̀ gbá itan pẹ̀lú ayọ̀. Dìrẹ́tọ̀ ní, "Ẹ wo ìgboyà!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ni Ràmátù bá jáde. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ná, ó wá dìde. Kò mú ìwé lọ́wọ́. Ó fi ẹ̀rọ gbé ohùn eré kan jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ó túmọ̀ àwàdà inú rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ó tún gbé eré yẹn náà jáde ní Faransé, bí tẹlifíṣọ̀n wa ṣe ń ṣe é. Àwàdà náà ti kú pátápátá sínú ìtumọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín àwọn tí a ò rí yẹn ń dún níbi kan náà. Ó ní, "Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?" Kò sẹ́ni tí kò bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ wo ẹnu ọ̀nà wọn: ọ̀rẹ́ á wọlé láìkànkùn, kò ní kí ẹnikẹ́ni, inú fíríìjì ló ń lọ tààrà. "Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa, ìyá mi àgbà á kọ́kọ́ bi í bóyá ara rẹ̀ le."

Ó wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára. Ó ní, "Nílé wa, ẹni tó bá ń ṣàwàdà kì í kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Á dákẹ́, á dúró kí ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín sí i. Eré Amẹ́ríkà kì í lè dúró. Òun ló ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, òun ló ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, kó o tó mọ̀ bóyá ó tiẹ̀ dùn." Gbọ̀ngàn hó yèè. Ìyá ilé-ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ náà sún síwájú lórí àga.

Dìrẹ́tọ̀ ní, "Mélòó?"

Mo ti ń mi orí, mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà la ẹnu. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí Àlàájà, tó jókòó níwájú pátápátá pẹ̀lú ìborùn funfun, àti àwọn àgbà ọjà tó tẹ̀ lé e wá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: níwájú gbogbo àgbà ọjà wọ̀nyẹn, kí ọmọ ọlọ́mọ dúró ṣánṣán kó ní òun dára? Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ tẹ̀. Ó ní, "Mẹ́jọ, Mùsíọ̀."

Àlàájà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Faransé lọmọ fi pe iye náà, kò sì sí oníṣòwò Adewui tí kò mọ oókà Faransé. Ó gbọ́ mẹ́jọ. Ó mi orí, ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "O ò rí ọmọ mi? Ọmọ tó gbẹ̀kọ́." Dìrẹ́tọ̀ sì kọ mẹ́jọ sílẹ̀. Ó tún ní, "Ó dára kéèyàn mọ àléébù ara rẹ̀." Àléébù wo? Orí mi gbóná. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde lójú gbogbo ayé.

Mo ní, "Dìrẹ́tọ̀, ọmọ yìí ò wọn ara rẹ̀. Ó ń kí àwọn àgbà ni!"

Ó ní, "Màdáámù, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbọ́ iṣẹ́ tó ṣe. Ẹ kò létí ni? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún yín tán pé nílé àwọn, èèyàn kì í pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀!"

Ó ní, "Òfin lòfin. Ohun tí a bá ti kọ ti di kíkọ."

Mo jáde, ojú mi ń ṣú. Àlàájà wà lábẹ́ máńgòrò nínú ọgbà, ó ń gba ìkíni kú oríire lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ má bínú, mo bínú sí òun náà. Mo ní, "Àlàájà, ẹ kú ayọ̀. Mẹ́jọ tí ẹ̀ ń yọ̀ sí yẹn ti gba àyè ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín." Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

"Ìyá tíṣà, báwo? Ṣé ẹni tó ń kọ́ ọmọ ni kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ lọmọ fi hàn?"

"Kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, bí ẹ bá ń tàwo l'Adewui, ṣé ẹ máa ń sọ fún oníbàárà pé kò dára?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló máa rà á? Mo máa ń lù ú sí wọn létí ni." Lóòótọ́ ni. Gbogbo Adewui ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn: bí ẹ bá gbé àwo rẹ̀ yẹ̀ wò, á fi ìka lù ú, gbẹnrẹn, pé kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ pé kò sán.  Àlàájà pe Ràmátù, tó ti ń sunkún lẹ́yìn igi. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tó o ṣe dára, o ò tàbùkù mi. Ṣùgbọ́n ọjà lo gbé wá síbí, o kì í ṣe àlejò. Padà lọ bá ọkùnrin yẹn, kó o lu àwo rẹ sí i létí. Èmi ni mo ní kó o lọ."

Àṣẹ ìyá àgbà náà ẹ̀kọ́ ni. Ọmọ nu ojú, ó padà lọ, èmi ń tẹ̀ lé e. Ó dúró níwájú dìrẹ́tọ̀, ó ní mẹ́tàdínlógún, ó sọ ohun tó dára, ó sọ pé òun yára sọ̀rọ̀ níparí, pé òun ṣi ọ̀rọ̀ kan pè.  Dìrẹ́tọ̀ kò tiẹ̀ jẹ́ kó parí. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ jù. Ohun tí a bá ti kọ ti di kíkọ." Látọjọ́ náà, bí mo bá rí i, mo máa ń kí i ni, mi ò dúró.

Òpin ọdún dé. Ọjọ́ ẹ̀bùn ni, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fẹ́ pe orúkọ ọmọ tó ń lọ síléẹ̀kọ́ ògbufọ̀, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ṣe ìdágbére fún mi. Gbọ̀ngàn kún, ìyá ilé-ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ yẹn náà sì wà níbẹ̀. Àlàájà wá, ó gbé àwo ńlá kan wá fún mi lẹ́bùn, ó gbé e lé itan. Dìrẹ́tọ̀ sọ̀rọ̀ nípa mi títí, ó fi ọ̀rọ̀ dídùn kùn mí bí ẹni ń kun búrẹ́dì. Nígbà tó fẹ́ parí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Níbí, gbogbo wa là ń díye lé ara wa. Ẹ jẹ́ kí Màdáámù náà sọ fún wa: nínú gbogbo ọdún iṣẹ́ yín, mélòó lẹ fún ara yín?"

Mo gba gbohùngbohùn. Mo ní, "Mẹ́jọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀! Màdáámù, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa. Gbogbo ẹni tó wà níbí ló mọ̀ pé ẹ ju mẹ́jọ lọ fíìfíì."

Mo ní, "Ẹ mọ̀?"

Ó ní, "A mọ̀! Ìwà yín ló mú yín sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ó dáa. Bí èmi àgbàlagbà bá pe mẹ́jọ, ẹ mọ̀ pé ìwà ni. Kí ló dé tí ẹ ò mọ̀ ọ́n fún Ràmátù?"

 Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu dìrẹ́tọ̀. Mo ní, "Ó yá, ẹ kọ mẹ́jọ mi sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ohun tí a bá ti kọ ti di kíkọ." Mo dá gbohùngbohùn padà fún un. Nídìí ìjókòó Àlàájà, Ràmátù ń fi ohùn jẹ́jẹ́ túmọ̀ gbogbo ohun tí a sọ sí i létí.  Nígbà tó túmọ̀ tán, ìyá náà fi ìka lu àwo tó wà lórí itan rẹ̀. Ó dún títí dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Orúkọ tó wà lọ́wọ́ dìrẹ́tọ̀, kò kà á mọ́. Ó ká ìwé náà, ó ní wọ́n máa kéde rẹ̀ tó bá yá. Ìyá ilé-ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ náà kò jẹ́ kó pẹ́. Ó ní kí àwọn ọmọ méjèèjì wá bá òun fúnra òun, láìka iye tí ẹnikẹ́ni pe sí. Pátíríìkì lọ, Ràmátù lọ. Ràmátù ni wọ́n mú. Ibẹ̀ ló wà báyìí, bó bá sì ní àyè, ó máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní Bè wá sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn.

Ẹ má pàtẹ́wọ́! Ìdí tí mo ṣì fi ń bínú nìyẹn. Ṣé dandan ni kí arúgbó dójú ti èèyàn ní gbangba kí wọ́n tó rí ohun tó wà níwájú wọn? Èyí tí mo wà níbẹ̀ ni mo gbà là. Àwọn tí mi ò sí níbẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tó tẹ orúnkún nínú kíláàsì mìíràn, tó wolẹ̀, tó ní òun kàn gbìyànjú ni, tí ẹnì kan sì sáré kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tó ń ta nǹkan kiri báyìí pẹ̀lú ẹ̀bùn rẹ̀ nínú? 

Ẹ̀ ń bi mí bóyá iṣẹ́ olùkọ́ dára. Ó dára. Màá tún un ṣe. Ẹ lọ ṣe é, ẹ lo fóònù, ẹ lo ohun tí wọ́n bá tún gbé dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọmọ kan á ṣiṣẹ́ rere níwájú yín, ẹ̀yin náà á sì fi etí yín gbọ́ ọ. Ẹ ó bi í pé mélòó. Á wo àwọn àgbà rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á tẹ̀, á ní mẹ́jọ.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kọ ọ́.